Òdòdó Àárín Aṣọ Ìbora

Ọkùnrin kan wà ní Ìgbájọ tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn, ó sì kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ẹlòmíràn, olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti sọ fún télọ̀ yìí pé kò sí ìyàwó kejì tó ń fẹ́ rí ohun ìrántí ìyàwó àkọ́kọ́ nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí, kò sì jáde mọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà, Fèyíkẹ́mi, kó àwọn ògbólógbòó aṣọ ìyá rẹ̀ wá bá a. Ó ní kí bàbá òun bá òun gé wọn sí wẹ́wẹ́, kó rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora kan tí òun yóò gbé lọ sílé ọkọ. Aṣọ funfun kan wà láàárín wọn. Ó ní kí wọ́n má gé ìyẹn, kí wọ́n fi odindi rẹ̀ sí àárín gbùngbùn. Bàbá kò béèrè ìdí.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Àsìkò òjò ni, ojú ọjọ́ ṣú, iná kò sì sí. Ọwọ́ ló fi ń ríran ju ojú lọ. Ó ń so ègé àǹkárá mọ́ ègé àdìrẹ, ó ń tẹ́ òwú sí abẹ́ wọn. Èyí ni olóògbé wọ̀ lọ síbi ìsàmì Fèyíkẹ́mi. Èyí ló ró lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọ ilé tiwọn. Nígbà tó parí iṣẹ́ náà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ tí oòrùn yọ, ó sá aṣọ náà sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ti rí i. Pẹ́ńsù ti rìn káàkiri ojú aṣọ funfun náà: ìlà wíwọ́, òbírí kéékèèké, àmì tótòtó. Ta ló ń lo pẹ́ńsù nínú ilé yìí? Ṣọ́ọ̀kì ni òun fi ń fàlà sáṣọ. Kò ní ọmọ iṣẹ́. Fèyíkẹ́mi ti padà sí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló kù, pẹ́ńsù kì í sì í wọ́n nínú báàgì olùkọ́.

Kò bi ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá ń fura kì í fẹ́ béèrè. Ẹ̀rí ló máa ń wá kiri. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ obìnrin náà. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Bó bá dákẹ́, ó ní ẹ̀bi ló pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní inú ń run òun. Ní ọ̀sán kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, ó bá a níbi tó dúró ti aṣọ ìbora náà, tó ń fi ìka tọ àwọn ìlà pẹ́ńsù náà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Fèyí, ẹ kú iṣẹ́," ni obìnrin náà wí. "Aṣọ yìí mà dára o. Àárín yìí ló wù mí jù."

"Ó dáa," ni ọkọ rẹ̀ fèsì. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: ẹ wo ìkà tó wá yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwé, ó ká aṣọ náà wálẹ̀ láti pa àwọn àmì náà rẹ́. Ó kọ́kọ́ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́ pa á. Ó parẹ́ díẹ̀. Ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bu iyọ̀ lé e, ó sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ó fi ọṣẹ sí kànìnkànìn, ó ń fọ ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ni inú ń bí i, bí inú sì ti ń bí i ni ọwọ́ rẹ̀ ń le sí i. Nígbà tí oòrùn rọ̀, àárín aṣọ ti funfun báláú. Ìlà kékeré kan nítòsí ojú rírán nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ kò ká.

Nígbà tí Fèyíkẹ́mi wá gbé aṣọ rẹ̀, bàbá pe ìyàwó rẹ̀ jáde kó wá gbọ́.

"Wo ìbora rẹ," ó ní. "Ẹnì kan nínú ilé yìí fẹ́ bà á jẹ́. Ó fi pẹ́ńsù ya jágbajàgba sí i. Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò." Ó sì tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ náà tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ wá àárín rẹ̀ kiri.

"Bàbá mi, òdòdó ìyá mi dà?"

"Òdòdó wo?"

"Èyí tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà. Lórí ibùsùn àìsàn ni wọ́n ti yà á. Wọ́n fẹ́ fi òwú aláwọ̀ kó iṣẹ́ sórí rẹ̀, ara wọn kò gbé e mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn parí rẹ̀ nílé ọkọ mi. Mo rò pé ẹ ó dá ọwọ́ wọn mọ̀."

Télọ̀ tẹjú mọ́ ìlà kékeré tó ṣẹ́ kù nítòsí ojú rírán. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ṣé èmi lẹ rò pé mo ṣe é? Èmi rí i pé òdòdó ni. Mo rò pé ẹ̀yin náà rí i. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá wí fún yín."

Ó wọlé. Kò pariwo, kò sì kó ẹrù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ilé, ó máa ń kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkọ bẹ̀ ẹ́, ó rán àwọn àgbà sí i. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́, òun ti dárí jì í. Síbẹ̀, ó ń gba àyè. Fèyíkẹ́mi gbé ìbora náà lọ sílé ọkọ. Ìlà tó ṣẹ́ kù yẹn, ewé kan ni. Ìyẹn nìkan ni ọmọ náà rí fi òwú kó iṣẹ́ sí.

Ọ̀rẹ́ mi, láti àárọ̀ lo ti ń ro ohun tí o rí lọ́wọ́ ìyàwó rẹ fún mi: ó jáde, kò sọ ibi tó ń lọ, o wọlé, ó dákẹ́. Mi ò sọ pé o ò rí nǹkan kan. Télọ̀ náà rí nǹkan, pẹ́ńsù wà lára aṣọ lóòótọ́. Ohun tí ó jẹ́ ni kò mọ̀. O ti bi ẹ̀gbọ́n rẹ, o ti bi ọ̀rẹ́ rẹ, o wá ń bi èmi náà. Dìde, máa lọ sílé. Òun gan-an ni kí o bi, kí o sì jókòó gbọ́ ọ tán.