Ojúbọ Lepo Ògún Ń Gbé

"Ojúbọ lepo Ògún ń gbé, kì í gbé inú ìbọn." Àwọn ará Ìdí-Ahùn ló ń pa òwe yìí. Àlejò tó bá gbọ́ ọ a máa ṣe kàyéfì: ṣebí Ògún ló ni ìbọn? Kí ló dé tí epo rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ wọ ibẹ̀?

Ọdẹ kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ìbọn rẹ̀ kì í ṣe ṣakabùlà. Bàbá rẹ̀ ló mú un ti ogun ìlú òkèèrè bọ̀. Bí ó bá yìn ín, yóò fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, yóò tì í padà, ọta mìíràn á ti wọlé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìbọn yìí fi bọ́ ilé rẹ̀, kò já a kulẹ̀ rí.

Olúọdẹ àtijọ́, orí òkúta ojúbọ nìkan ló máa ń ta epo sí. Nígbà tí Ọdẹ́gbèmí joyè Olúọdẹ, ó ní ìyẹn kò tó. Ní ọdún Ògún, ó kó gbogbo ìbọn jọ, ó sì da epo pupa lé wọn lórí títí ó fi ń kán.

Ọyẹ́ dé. Ọdẹ́jìnmí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọdẹ́rìndé pàdé ẹfọ̀n. Ọdẹ́jìnmí yìnbọn, ó bà á ní èjìká. Ó fa irin ìdí ìbọn, irin há. Kó tó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹfọ̀n ti kan Ọdẹ́rìndé, itan rẹ̀ ti ṣẹ́.

Olúọdẹ sọ lójú gbogbo ọdẹ pé, "Ògún ń bínú sí ìbọn yẹn. Gbé e wá lọ́túnla kí n tún fún un lépo. Bó bá tún há, a ó rì í mọ́lẹ̀ ní ojúbọ."

Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí délé, ó tú irin náà jáde. Epo ti dì mọ́ ọn lára bí òrí, eruku ọyẹ́ sì ti pò mọ́ epo.

Ìyàwó rẹ̀ Àwẹ̀ró yọjú wò ó. "Ìkòkò ọbẹ̀ tí mi ò bá fọ̀, bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ̀yin ọdẹ lẹ mọ̀ pé Ògún ló ń bínú."

Ọdẹ́jìnmí bu epo òyìnbó nínú àtùpà, ó fọ irin náà, ó fi àkísà nù ún gbẹ.

Ní ọjọ́ tí a dá, gbogbo ọdẹ péjọ sí ojúbọ, Olúọdẹ gbé igbá epo sókè. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ẹ dà á sórí òkúta, Baba. Ìbọn mi kì í mu epo pupa. Epo òyìnbó ni mo fi fọ̀ ọ́, n ó sì gbé e tọ ẹfọ̀n yẹn lọ lónìí."

"Ìwọ lo fẹ́ máa yan oúnjẹ fún Ògún?"

"Rárá, Baba. Alágbẹ̀dẹ ni Ògún. Alágbẹ̀dẹ wo ló ń fi epo dídì há iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?"

"Bó bá há lónìí ńkọ́?"

"Ẹfọ̀n á ti pa mí. Ẹ rì í tì mí."

Ọdẹ́jìnmí wọ igbó, kò sẹ́ni tó bá a lọ. Olúọdẹ àti àwọn ọdẹ yòókù dúró létí igbó, wọ́n dẹtí sílẹ̀. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Igbó pa lọ́lọ́. Olúọdẹ ti ń mi orí nígbà tí ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún dún lẹ́ẹ̀kẹta. Láìpẹ́, Ọdẹ́jìnmí jáde, ìrù ẹfọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Olúọdẹ yà sílé Ọdẹ́jìnmí, ìbọn tirẹ̀ ní èjìká. Kò dárúkọ ẹfọ̀n.

"Àwẹ̀ró, epo òyìnbó yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù?"

Ọdẹ́jìnmí ló dáhùn. "Ó ṣẹ́kù, Baba. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ọdẹ lẹ ti pe ìbọn mi lẹ́bi. Lójú wọn náà ni kí ẹ ti tú u sílẹ̀."

Olúọdẹ yí padà, ó gba ọ̀nà ojúbọ. Ẹnu rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe náà, níṣojú gbogbo ọdẹ.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń fi ètùtù dípò iṣẹ́ tó yẹ kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wọ́n á wí fún un pé: Ojúbọ lepo Ògún ń gbé, kì í gbé inú ìbọn.