Kọ̀ǹpútà Tó Pọn Ọmọ
Ẹ bá mi kan sáárá sí Ìbídùn, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkìrun. Láníhùn, onílé rẹ̀, fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àna rẹ̀, ló bá gbé kọ̀ǹpútà kan tí háàdì díìskì inú rẹ̀, ibi tó ń kó gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí, ti kú wá: "Jí i kí oòrùn tó wọ̀. O ò gbọdọ̀ tú u, o ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Bí kò bá jí, kó ẹrù ẹ." Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó mú háàdì tuntun, ó kó gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà nílò sórí rẹ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n máa ń so máòsì mọ́, ó sì fi ọ̀já gbà á mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó tàn án lójú Láníhùn àti àna rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà là kedere. Láníhùn figbe ta: "Irọ́ ni! Inú ni háàdì ń gbé!" Ìbídùn ní, "Bàbá, abiyamọ tó pọn ọmọ sẹ́yìn, ta ló máa ní kó dá a padà sínú kó tó jẹ́ ọmọ rẹ̀?" Àna gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Láníhùn ní kí Ìbídùn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ kan ti ìdí ọmọ tí kọ̀ǹpútà pọ̀n kó má baà já bọ́.