Akínṣìpẹ̀ Tó Tẹ Ìdúró Dó

Ní ọdún tí ogun Ìgbẹ́ta dó ti Ìlámùrẹ̀, òùngbẹ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa ìlú, kì í ṣe idà. Orí òkè olókùúta ni Ìlámùrẹ̀ wà. Odi rẹ̀ ga, ẹnubodè rẹ̀ nípọn, kò sì sí ọ̀tá tó gun òkè náà rí tí ara rẹ̀ yá gágá nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n odò Àwìn tí gbogbo ìlú ń mu wà ní ẹsẹ̀ òkè, àwọn Ìgbẹ́ta sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjà ilẹ̀ oko ló dá ogun sílẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Dípò kí àwọn Ìgbẹ́ta máa forí sọ odi, etí odò ni wọ́n pa bùdó sí, wọ́n jókòó ti omi bí ajá ṣe ń jókòó ti eegun. Òjò tí a ń retí kò rọ̀. Àmù gbẹ nínú ilé. Ewúrẹ́ ń kú lójúde, àwọn ènìyàn sì ń gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀ kí wọ́n lè fún ìwọ̀nba omi inú rẹ̀ sẹ́nu ọmọ. Àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n gbìmọ̀ kò rí itọ́ gbé mì, ìbínú ni wọ́n fi ń dá ara wọn lóhùn.

Ẹni tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní àkókò yìí ni Akínṣìpẹ̀, ọmọ Ògúnrìnọ́lá. Akínṣìpẹ̀, òkúta ẹnubodè! Erin tó ń dá nìkan jẹ̀ tí gbogbo igbó ń mì. Ọkùnrin tí ogun bá níwájú tí ogun gbàgbé ìjà tó bá wá, tó ń béèrè ọ̀nà ilé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ọmọ ogun lásán. Wọ́n ti búra lórí irin pé ohun tí Balógun bá wí ni àwọn yóò ṣe, pé àwọn kò ní í bá ọ̀tá sọ̀rọ̀ láìgbàṣẹ, àti pé àwọn kò ní í kẹ̀yìn sí ogun. Láti ìgbà tí Akínṣìpẹ̀ ti búra yìí, kò sí iṣẹ́ tí Balógun Adérọ̀gbà rán an tí kò jẹ́. Bí wọ́n ní kó sùn sórí odi, ibẹ̀ ló ń sùn. Bí wọ́n ní kó fi oúnjẹ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í dé ẹnu mọ́.

Ohun tó wá sọ ogun yìí di ẹ̀gún lọ́fun rẹ̀ ni pé Ìgbẹ́ta ni ilé ọkọ Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Akínṣìpẹ̀ ṣì ń rá nígbà tí ìyá wọn kú. Àwẹ̀ró ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń jẹ iṣu lẹ́nu kó tó fi sí i lẹ́nu. Nígbà tí Àwẹ̀ró náà bímọ nílé ọkọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ògúntọ́lá, kì í kúrò lọ́dọ̀ Akínṣìpẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé. Akínṣìpẹ̀ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń di idà mú, bí a ṣe ń dúró, àti bí a ṣe ń fi àwọn ènìyàn pamọ́ sí ojú ọ̀nà tí ọ̀tá yóò gbà. Ògúntọ́lá yìí gan-an ni àwọn Ìgbẹ́ta fi ṣe olórí bùdó etí odò.

Nígbà tí òùngbẹ kọ́kọ́ wọlé, Akínṣìpẹ̀ tọ Balógun lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun láàyè láti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní ọ̀rọ̀ ààlà oko ni, ìdílé lè parí rẹ̀. Balógun ní ẹ̀ṣọ́ Ìlámùrẹ̀ kì í lọ ṣagbe níwájú ọ̀tá. Akínṣìpẹ̀ tẹrí ba. Nígbà tó yá ó padà lọ, ó ní bó bá jẹ́ ìjà náà ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun kó àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ gba odò. Àwọn ìjòyè wo ara wọn lójú. Ọ̀kan ní ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ nípọn ju omi odò lọ, pé bí ọkùnrin yìí bá sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ló mọ ìhà tí yóò kọjú idà sí? Ọ̀rọ̀ yìí dun Akínṣìpẹ̀ dé egungun.

Ó ní, “Balógun, ẹ kò jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ kò jẹ́ kí n bá wọn jà. Kí ni mò ń ṣe lórí odi? Ṣé ère ni mí ni?”

Balógun ní, “Dúró síbi tí mo fi ọ́ sí.”

Ọ̀tún Balógun ni wọ́n wá fi ṣe olórí àwọn tí yóò lọ gba odò, ó sì pinnu láti gba inú àbàtà kọjá. Akínṣìpẹ̀ sọ fún un pé kó má gba ibẹ̀, nítorí òun fúnra òun ló kọ́ Ògúntọ́lá pé ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń rì ni kó máa fi àwọn tafàtafà sí. Wọn kò dá a lóhùn. Orí odi ló dúró sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó ń wò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó bá a jẹ, tó bá a mu, ṣe ń wọ àbàtà lọ, tí ọfà ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ̀. Díẹ̀ ló padà. Ìlú kò bá Ọ̀tún wí. Akínṣìpẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí, pé òun ló ránṣẹ́ ṣáájú. Bí Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ bá jókòó ti àwọn obìnrin, wọn a dìde. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá kí i, wọn kì í wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó ń ṣọ́ ìlú tó ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ní ọ̀sán gangan, obìnrin kan dá nìkan gun òkè bọ̀ láti bùdó Ìgbẹ́ta, aṣọ funfun ló ró. Kò sí ẹni tó ta á lọ́fà. Ó dúró ní ìsàlẹ̀ odi, ó gbójú sókè. Àwẹ̀ró ni. Ó ti ilé ọkọ rẹ̀ wá sí bùdó nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àbàtà.

Ó fi oríkì pe Akínṣìpẹ̀, ó ní, “Àlàó, o ti rù.”

Àwẹ̀ró ní kó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, pé òun yóò fi ara òun bò wọ́n, nítorí pé lọ́la ni Ìgbẹ́ta yóò gun òkè wá, Ògúntọ́lá ni yóò sì ṣíwájú wọn. Akínṣìpẹ̀ mọ̀ pé kò yẹ kí òun dáhùn. Gbogbo ẹni tó wà lórí odi ló ń wo ẹnu rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ìbúra tó lè dí ẹnu ọmọ mọ́ ìyá tó tọ́ ọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ṣíwájú, èmi ni yóò bá lẹ́nubodè.”

“Ìwọ ni mo pọ̀n sẹ́yìn, òun ni mo lóyún rẹ̀. Èwo nínú yín ni kí n ní kí ikú mú?”

Àwẹ̀ró yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó di ẹrù.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pe Akínṣìpẹ̀ sí ààfin. Balógun rojọ́ pé ó ti bá ọ̀tá sọ̀rọ̀, ó ti ṣẹ̀ sí irin. Olámùrẹ̀, ọba arúgbó tí ètè rẹ̀ ti bó, gbọ́ tẹnu wọn tán, ó ní ìlú kò mọ ẹni tí Akínṣìpẹ̀ jẹ́ mọ́. Ó wá pàṣẹ pé, “Lọ mú orí Ògúntọ́lá wá fún mi. Bí o bá mú un wá, a ó mọ̀ pé tiwa ni ọ́. Bí o kò bá mú un wá, má padà síbí.”

Akínṣìpẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó délé, Ìbídùn bi í léèrè ohun tí ọba wí. Ó sọ ọ́. Ó jókòó, ó ń pọ́n idà, irin ń dún lórí òkúta, kò pẹ́ ó jù ú sílẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá pa á, mi ò lẹ́gbọ̀n-ọ́n mọ́. Bí mi ò bá pa á, mi ò nílùú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sìn wọ́n, kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni èmi fẹ́.”

Oòrùn ti là kedere nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò lọ́jọ́ kejì, òun nìkan. Àwọn Ìgbẹ́ta ń to ara wọn láti gun òkè. Ó dúró ní òdì kejì omi, ó pe Ògúntọ́lá ní orúkọ, ó pe oríkì rẹ̀ tì í. Àṣà ogun nílẹ̀ náà nígbà yẹn ni pé olórí tí ẹnì kan bá pè jáde bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rán ẹlòmíràn. Ògúntọ́lá jáde. Ó ga ju àbúrò ìyá rẹ̀ lọ, ó sì yára. Wọ́n pàdé láàárín omi. Gbogbo ọgbọ́n tí Ògúntọ́lá lò ni Akínṣìpẹ̀ mọ̀, nítorí òun ló kọ́ ọ, Ògúntọ́lá náà sì mọ tirẹ̀, idà kan idà títí apá fi ń wúwo. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ó sá Akínṣìpẹ̀ ní itan, omi pọ́n. Ibẹ̀ ni Akínṣìpẹ̀ ti ju idà nù, ó fò mọ́ ọn, ó dì í mú bí ẹni ń ja gídígbò, ó rì í bọ odò. Ó tẹ orí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ìlú méjèèjì rí i pé ó ń sunkún. Nígbà tí agbára tán lára Ògúntọ́lá, ó fà á yọ, ó fi ọ̀já ìdí ara rẹ̀ dè é, ó gbé e síwájú àyà. Ó kígbe sí àwọn Ìgbẹ́ta pé bí ẹnikẹ́ni bá ta ọfà, ọmọ wọn ni yóò bà. Ó ń fẹ̀yìn rìn gun òkè lọ, ẹ̀jẹ̀ ń tò sílẹ̀. Ìgbẹ́ta kò ní olórí mọ́. Nígbà tí àwọn ará Ìlámùrẹ̀ ya jáde pẹ̀lú idà lọ́wọ́ kan àti ìkòkò lọ́wọ́ kejì, àwọn Ìgbẹ́ta fi etí odò sílẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Ògúntọ́lá ní, “Bàbá, ẹ pa mí. Ẹ má sọ mí di ẹni àfihàn.”

Akínṣìpẹ̀ fa ọ̀já náà le sí i, ó ń gun òkè lọ.

Nígbà tí wọ́n dé ààfin, irùngbọ̀n àwọn ìjòyè ti tutù, wọ́n ti mu omi yó. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ pariwo pé kí ló dé tí ọmọ ọ̀tá ṣì ń mí. Akínṣìpẹ̀ ti Ògúntọ́lá síwájú ọba.

Ó ní, “Kábíyèsí, orí Ògúntọ́lá lẹ ní kí n mú wá. Orí náà nìyí, ọrùn rẹ̀ ló gbé e wá. Ẹ kò sọ fún mi pé kí n yà wọ́n. Mo búra fún ìlú yìí, mo pa ìbúra náà mọ́ títí ó fi fẹ́ pa mí. Ẹ rán mi sí ọ̀tá, mo lọ. Ẹ ní kí n dúró, mo dúró, mo ń wo ikú àwọn ẹgbẹ́ mi bí ẹni ń wo ìran. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, èmi nìkan ni mo jẹ yín ní nǹkan. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ jẹ èmi? Bí ẹ bá fẹ́ orí kan láìsí ọrùn, tèmi nìyí. Ti ọmọ Àwẹ̀ró kò sí nínú ohun tí mo búra lé lórí.”

Balógun fa idà yọ. Ọba gbọ́wọ́ sókè. Arúgbó náà ti rí i pé òkú Ògúntọ́lá kò wúlò, pé ààyè rẹ̀ lè ra ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí: wọ́n fi Ògúntọ́lá pààrọ̀ àlàáfíà, Ìgbẹ́ta yọwọ́ nínú ilẹ̀ oko, ogun tán. Ṣùgbọ́n ọba ní ẹni tó ń la ọ̀rọ̀ ọba sí méjì kò lè di idà mú lẹ́nubodè òun mọ́. Kí Akínṣìpẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bó ṣe ń lọ, àwọn obìnrin tó ń pọn omi bọ̀ láti odò tó gbà fún wọn yà fún un lójú ọ̀nà, wọn kò kí i.

Ó ránṣẹ́ sí Ìgbẹ́ta. Ìgbẹ́ta ní àwọn kò lè gba ẹni tó de jagunjagun àwọn bí ẹran. Ògúntọ́lá fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ padà pé ikú sàn ju ohun tí àbúrò ìyá òun fi òun ṣe lọ, kó má tún pe òun ní ọmọ. Akínṣìpẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ náà létí odò, níbi tí òun, Ìbídùn àti àwọn ọmọ wọn jókòó sí lórí ẹrù. Ó fi ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ gún ilẹ̀. Ó ní, “Òkè kò gbà mí, ìsàlẹ̀ kò gbà mí. Mi ò lè máa rìn mọ́. Níbí ni mo dúró.” Ibẹ̀ ni a ń pè ní Ìdúró títí di òní.

Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi dé, ẹrù lórí. Ó ti fi ilé ọkọ sílẹ̀. Ó sọ̀ ẹrù kalẹ̀, ó ní òun kò wá dúpẹ́, nítorí òun rí i nígbà tó ń tẹ orí ọmọ òun mọ́ omi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó tú aṣọ tí wọ́n fi di itan Akínṣìpẹ̀, ó wẹ ojú egbò náà. Itan náà kò san tán. Títí tó fi kú ló ń tiro. Àwọn opó tí ọkọ wọn kú nínú àbàtà wá bá wọn, àwọn tí ogun ti sú ní ìlú méjèèjì náà wá, Ìdúró sì di ìlú.

Bí ẹ bá dé Ìlámùrẹ̀ lónìí, wọn yóò sọ fún yín pé Balógun Adérọ̀gbà ló gba odò Àwìn. Èmi kò bá wọn jiyàn mọ́. Àwọn àgbà Ìdúró ní ohun tó ju ìtàn lọ. Akínṣìpẹ̀ fi òfin kan lélẹ̀ fún wọn: ní Ìdúró, ẹni tó bá fẹ́ mú ẹ̀ṣọ́ búra, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin. Yóò dárúkọ àwọn ìyekan ẹ̀ṣọ́ náà lójú gbogbo ènìyàn, yóò sì búra pé òun kò ní í rán an sí wọn láé. Ìgbà tó bá ṣe èyí tán ni ẹ̀ṣọ́ yóò tó la ẹnu. Ọba kan jẹ ní Ìdúró, tó ní ọba kì í búra fún ọmọ ogun òun. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó fẹ́ rán lọ jagun kò bá a jiyàn. Wọ́n to idà wọn sílẹ̀ lójúde ààfin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n gba oko lọ. Ogun náà kò sì wáyé.