Fèrè Tó Ń Mu Àdí

Nígbà tí Àwẹ̀ró gbé fèrè igi ọkọ rẹ̀ tó ti kú lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ọ̀nàyẹmí tó ń gbẹ́ fèrè, ara igi náà ti là. Ọ̀la ni ìrántí olóògbé, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fọn ọ́n. Ọdẹ́wùmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní kí bàbá sáà fi ìda dí i.

“Òùngbẹ ló ń gbẹ igi yìí,” ni bàbá wí. “Tó o bá dí ibí, ibòmíràn ni yóò là.” Ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ta àdí sí i nínú, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

“Bàbá, àwọn àlejò wa ńkọ́?” ni Àwẹ̀ró bèèrè.

“Ẹ fún wọn lóúnjẹ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Wọ́n ṣe ìrántí láìsí fèrè. Ojú ti Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kò lọ gba fèrè náà.

Nígbà tí igi mu àdí yó, tí ojú ibi tó là pa dé, Ọdẹ́wùmí lọ gbà á, ó sì rọra fọn ọ́n bọ̀ wálé bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń fọn ọ́n tó bá ń ti oko bọ̀.

Kí Àwẹ̀ró tó rántí pé opó ni òun, ó ti dáhùn: “Ẹ káàbọ̀ o! Omi ìwẹ̀ yín ti wà nílẹ̀.”