Igi Ọ̀rá Adéọtí
Baálẹ̀ Àkànjí gbé kẹrosíìnì wá sídìí igi ràgàjì tí Adéọtí fi ọ̀rá àti ike tó ṣà nínú gọ́tà ṣe. Ó ní, “Ìdọ̀tí lásán! Àfi bí èmi fúnra mi bá pè é ní igi, n óò sun ún lónìí.” Adéọtí kúnlẹ̀ sínú oòrùn ọ̀sán, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Baálẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ oríkì ara rẹ̀ tí yóò kúrò níbẹ̀? Orí Baálẹ̀ ń wú, òógùn ń bò ó, ó bá rọra sún sábẹ́ ibòji ewé ọ̀rá náà. Adéọtí dákẹ́ lójijì. “Baba, níbo lẹ wà?” “Ṣé o ò ríran ni? Abẹ́ igi ni mo wà!” Gbogbo èrò tó wá wòran bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbé kẹrosíìnì yẹn padà sílé. Ìwọ Adéọtí, ta ló ní kí o dákẹ́?”