Ẹlẹ́dẹ̀ Kó Gbogbo Ikán Ti Mọ́lé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó bà lé imú Ẹlẹ́dẹ̀. Òun, Ewúrẹ́ àti Pẹ́pẹ́yẹ jọ ń gbé ilé kan tí wọ́n fi ẹní pín sí yàrá mẹ́ta. Ikán ló ń bá wọn mọ ògiri. Yàrá tí iṣẹ́ bá wà ni àwọn ikán ń lọ.

Ẹlẹ́dẹ̀ rò ó pé, "Bí iṣẹ́ bá dé bá mi lójijì ńkọ́?" Ó kó gbogbo ikán ti mọ́ yàrá rẹ̀, ó sùn fọnfọn.

Ewúrẹ́ àti Pẹ́pẹ́yẹ fi igbe bọnu. Ẹ bá mi gbè é!

Ògiri wa ń wó o, ikán dà?

*Wọ́n wà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dẹ̀!*

Ṣé ikán ń jókòó lásán ni? Wọ́n jẹ ẹní, wọ́n jẹ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n jẹ ṣòkòtò Ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó jí, kò sí yàrá mọ́. Ìdí rẹ̀ ni gbogbo ilé ń wò.

Ìwọ tó jókòó lórí àpótí méjì yẹn, tí ẹlòmíràn wà ní ìdúró, di ṣòkòtò ẹ mú!