Ìbídùn àti Igbá Tó Pè Ní Àkúfọ́

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí, títí kan àwọn tí kò ní ju abọ́ ike lọ nílé. Ṣùgbọ́n ta ló mọ onígbá náà gan-an? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi.

Obìnrin ni. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ kan láyé ìgbà tí tásà kò tíì dé. Kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí à ń gbádùn ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bó bá ti ta èlùbọ́ rẹ̀ tán, ìsọ̀ àwọn tó ń fín igbá ló máa ń yà sí. Á jókòó níwájú Baba Ọnàyẹmí, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, á máa wo bí ọ̀bẹ kékeré ṣe ń rìn lára igbá: ẹja níbí, alángbá lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni kì í gbowó ìwòran. Baba á ní, "Ìyàwó, o tún dé?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Bó bá wá padà délé, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

Bó ṣe ká igbá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ nìyẹn. Ó là á, ó sá a gbẹ, ó wá ọ̀bẹ. Oṣù méjì gbáko ló fi ń fín in lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ọ̀nà oko rẹ̀ ló fín sí i lára: odò, igi ọ̀pẹ, àti àwọn adìẹ tó máa ń sin ín dé ẹ̀yìn ọgbà. Igbá ìyàwó ló ní lọ́kàn, irú èyí tí ọmọbìnrin ń gbé lọ sílé ọkọ. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́: kí Baba rí i, kí ó gbà á láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà pé. Ìbídùn dúró títí ọjà fi ń tú. Baba ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbá ìdọ̀tí tí ọ̀bẹ ha sílẹ̀ jọ.

"Kí lo gbé lọ́wọ́, ìyàwó?"

Ẹ mọ̀ wá kẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í yin nǹkan ẹni níwájú àgbà. Oúnjẹ tí a fi odindi àárọ̀ sè, a ó ní kí àlejò ṣáà fi kan ẹnu. Ìbídùn kúnlẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, Baba. Àkúfọ́ igbá kan lásán ni."

"Ó bọ́ sásìkò. Gbé e wá."

Baba kò tiẹ̀ wò ó. Ó gba igbá náà, ó fi kólẹ̀.

Ìbídùn ń wo ìdọ̀tí bó ṣe ń kún inú igbá oṣù méjì, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí dòní.

Baba gbé igbá sókè kí ó lọ da ìdọ̀tí náà nù. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ ti kan ọnà lábẹ́. Ó dúró. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó dojú igbá dé, ó sì wò ó pẹ́.

"Ta ló fín èyí?"

"Èmi ni, Baba."

"O sì pè é ní àkúfọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Baba fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu igbá náà. "Má bínú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ fi kólẹ̀, èmi kàn bá ọ parí rẹ̀ ni. Ó yá, mo tún ń béèrè: kí lo gbé lọ́wọ́?"

Ìbídùn nu ojú. "Igbá ìyàwó ni, Baba. Èmi ni mo fín in. Mo sì fẹ́ kọ́ṣẹ́."

"Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mú ọ̀bẹ rẹ dání."

Ìtìjú dára lára ènìyàn, èmi náà ń tijú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ayé ni yóò fi ìka kan abẹ́ igbá wa. Ohun tí a bá pè é ni wọ́n ń gbọ́. Nítorí náà, bí àgbà bá rí ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ di yẹpẹrẹ, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé, bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é.